Àjàrà lẹ́yìnkùlé: ewé rẹpẹtẹ, èso ò sí

Ọmọ Lágere
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọgbà. Àjàrà kan wà lórí àtíbàbà páìpù lẹ́yìnkùlé, ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ewé rẹ̀ bo òkè kanlẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò so rí. Ẹnikẹ́ni ò gé e rí náà. Àwọn kan ní ooru Ifẹ̀ ò lè jẹ́ kó so, ká hú u ká fi ẹ̀gúsí síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe? Èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu lásán ni o, kì í ṣe ti wáìnì.

Ìyá Ẹlẹ́dòdó
Ẹ má hú u. Ooru kọ́, àìgé ni. Inú ojú tó wà lára ọ̀pá tó hù láàárín oṣù bíi mẹ́fà sẹ́yìn lèso àjàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú yẹn á yọ ọ̀mùnú, ọ̀mùnú á ní ewé mẹ́ta mẹ́rin, ìgbà náà ni ṣírí kékeré á yọjú ní òdìkejì ewé. Bí a ò bá gé ọ̀pá, orí rẹ̀ nìkan ni yóò máa gùn lọ, gbogbo ojú tó wà lẹ́yìn á máa sùn. Ohun tó wà lórí àtíbàbà yín nìyẹn.

Nílùú òyìnbó, òtútù ló ń gbọn ewé rẹ̀ dànù, á sùn, ojú gbogbo á wá jí lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ooru bá padà. Níbí, kò sóhun tó máa mú un sùn, àfi kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ òtútù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la ń gé e, ìgé méjèèjì ò sì jọra rárá. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn àgbẹ̀ àjàrà Maharashtra ní Íńdíà ń ṣe é, torí àárín ọdún lòjò tiwọn náà ń rọ̀.

Ìgé Oṣù Kẹrin, ti ọ̀pá ni. Ẹ gé gbogbo ọ̀pá tó so lọ́dún náà títí yóò fi ku ojú 1 tàbí 2 nídìí. Igi á dà bí ẹni tí wọ́n fá lórí, ẹ má fòyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ọ̀mùnú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní ínǹṣì 6 sí 8 síra lórí apá igi, ẹ fọwọ́ já èyí tó kù nígbà tó ṣì rọ̀. Àwọn tó kù yìí ló máa di ọ̀pá tí yóò so ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Ìgé Oṣù Kẹwàá ni ti èso. Ọ̀pá tó ti pọ́n, tó ti le bí igi, tó nípọn tó pẹ́ńsù la ń gé. Bó bá jẹ́ irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Cardinal tàbí Muscat Hamburg, ẹ fi ojú 4 sí 6 sílẹ̀ lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Thompson Seedless, ẹ fi 8 sí 10 sílẹ̀, nítorí Thompson kì í fi ṣírí sí ojú tó wà nídìí. Ẹni tó bá gé Thompson ku ojú méjì lóṣù Kẹwàá, ó ti gé èso ọdún yẹn dà sílẹ̀. Ẹ já gbogbo ewé tó kù lára ọ̀pá lọ́jọ́ ìgé gan-an, kí ẹ tẹ ọ̀pá kó lọ gbọọrọ lórí wáyà tàbí kó tẹrí ba díẹ̀. Ọ̀pá tó bá nàró, ojú òkè á jí, á sì máa dí ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí i kà pé kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní hydrogen cyanamide, tí wọ́n fi ń jí ojú: iṣẹ́ rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ó ń jó awọ ara, ẹni tó bá sì mu ọtí lọ́jọ́ tó lò ó tàbí láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i lè dákú. Kò yẹ lẹ́yìnkùlé tí ọmọdé ń ṣeré.

Ọmọ Lágere
Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbìn ín ò sí ńlé mọ́, a ò mọ irú tó jẹ́. Ojú mélòó la máa fi sílẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́dòdó
Ike omi ni ẹ ó fi bi í léèrè. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìgé, ẹ mú ọ̀pá gbígbó kan, ẹ ka ojú rẹ̀ láti ìdí lọ sókè. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ojú kan lórí ègé kan, kí igi bí ínǹṣì 2 wà lábẹ́ ojú. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ kọ 1, 2, 3 sí i lọ títí dé 10. Ẹ gé orí ike omi kan dànù, ẹ bu omi ínǹṣì kan sí i, ẹ to àwọn ègé náà síbẹ̀ lójú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn ò ti gba ibẹ̀ tààrà. Ẹ máa pààrọ̀ omi lọ́jọ́ méjì méjì.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti kọjá, ọ̀mùnú á ti yọ. Nígbà tí ewé kẹta tàbí ìkẹrin bá ṣí, ẹ wo òdìkejì rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí nǹkan tútù tó ṣù pọ̀ bí ṣírí iyèré kékeré, ojú yẹn lèso. Bó bá jẹ́ okùn tín-ín-rín tó pín sí méjì, èyí tí àjàrà fi ń di nǹkan mú, ló yọ, ojú yẹn ò ní nǹkan kan nínú. Bí ojú 5 bá jẹ́ àkọ́kọ́ tó fi ṣírí hàn, ojú 6 tàbí 7 ni kí ẹ fi sílẹ̀ lára ọ̀pá yòókù. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ okùn, àṣìṣe ti wà láti Oṣù Kẹrin.

Àṣìṣe wo? Láàárín ọjọ́ 40 sí 70 lẹ́yìn ìgé Oṣù Kẹrin ni igi ń pinnu nínú ojú kọ̀ọ̀kan bóyá ṣírí ni yóò fi síbẹ̀ àbí okùn lásán. Oòrùn ló fi ń pinnu. Ẹni tó bá gé e ní àárín Oṣù Kẹrin, ìpinnu yẹn á bọ́ sí ìparí Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹfà, oòrùn ṣì ń ràn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi falẹ̀ di Oṣù Kẹfà, Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ni yóò bọ́ sí, nígbà tí ojú ọ̀run Ifẹ̀ ṣú dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Okùn ni yóò pọ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni ti ewé tó gun ara wọn: ojú tó wà lábẹ́ òjìji ò ní mú ṣírí. Nígbà tí ọ̀mùnú bá ní ewé 8 tàbí 9, ẹ já orí rẹ̀, kí ẹ sì já àwọn ọ̀mùnú ẹ̀gbẹ́ ku ewé kan.

Ìjẹ̀ṣà Ọlọ́gbà
Màmá, mo gbà fún yín lórí gbogbo rẹ̀, àfi "Oṣù Kẹwàá" tí ẹ kàn dárúkọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wo nínú Oṣù Kẹwàá? Àjàrà tó bá ń tètè pọ́n ń gba nǹkan bí ọjọ́ 110 sí 120 láti ìgé dé ìkórè nílẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ẹni tó bá gé e ní 20 Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 120 rẹ̀ pé ní 17 Oṣù Kejì. Ẹni tó bá gé e ní 20 Oṣù Kọkànlá, ó di 20 Oṣù Kẹta, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Hóró tó ti pọ́n, tí òjò ńlá wá rọ̀ lé lójijì lẹ́yìn ọ̀dá, awọ rẹ̀ á bẹ́, èṣìnṣìn á dé, ó tán.

Ṣùgbọ́n 20 Oṣù Kẹwàá náà yá jù ní Iléṣà. Òjò ṣì ń rọ̀ lálaalẹ́ nígbà yẹn, orí ọ̀mùnú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni yóò sì máa rọ̀ lé. 1 sí 5 Oṣù Kọkànlá ni tèmi. Ìkórè á bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́dòdó
Àbúrò, 20 sí 25 Oṣù Kẹwàá ni mo ṣì dúró lé fún Ifẹ̀. Àrùn ọ̀mùnú, oògùn wà fún un. Hóró tó bá ti bẹ́, kò sóògùn rẹ̀. Òjò Oṣù Kẹta ò ní kàlẹ́ńdà, ó lè dé lọ́jọ́ kejì oṣù. Ẹni tí kò bá fẹ́ fín oògùn rárá, kó tẹ̀lé tiyín, kó sì ra tapólì sílẹ̀.

Baba Kòkó
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ oògùn náà dáadáa, torí àrùn mẹ́ta ni, wọn kì í sì í gba oògùn kan náà.

Èkíní: àmì yẹ́lò lójú ewé bí ẹni ta epo sí i. Ẹ yí ewé náà padà láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí nǹkan funfun bí òwú nísàlẹ̀ ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Òun ló ń jẹ ewé tán ní ọjọ́ mẹ́wàá nígbà òjò, ó sì ń jẹ òdòdó. Ìbátan àrùn tó ń mú èso kòkó dúdú ni, ìdí nìyẹn tí oògùn kòkó tó ní kọ́pà nínú fi ń kápá rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára páálí fún kòkó kọ́ lẹ máa lò o, ẹ wo ìlà tó ní àjàrà tàbí ewébẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ pò ó fúnra rẹ̀: kọ́pà búlúù (copper sulphate) 100 gíráàmù, láìmù kíkùnná (hydrated lime, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) 100 gíráàmù, omi lítà 10. Ike ni kí ẹ lò, kọ́pà ń jẹ irin. Ẹ yọ́ kọ́pà nínú lítà 5, ẹ po láìmù nínú lítà 5 kejì, kí ẹ wá da omi kọ́pà sínú omi láìmù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ojú ọ̀run. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kó má baà dí ẹnu ẹ̀rọ. Kí ẹ tó fín in, ẹ mú ìṣó tuntun tó ń dán, ẹ tì í bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta. Bó bá jáde tó pọ́n bíi bàbà, láìmù ò tó, oògùn yẹn á jó ewé. Ẹ fi láìmù ṣíbí kan sí i, kí ẹ tún dán an wò. Ọjọ́ tí ẹ bá pò ó náà ni kí ẹ lò ó tán.

Láti ìgbà tí ọ̀mùnú bá ti ní ewé mẹ́ta ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ 7 sí 10 níwọ̀n ìgbà tí òjò bá ṣì ń rọ̀. Ìsàlẹ̀ ewé ló yẹ kó rin jù. Ẹ má fín in nígbà tí òdòdó bá ṣí.

Èkejì: funfun bí pọ́dà lójú ewé àti lára hóró. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wá, kò nílò òjò. Hóró tó bá mú á le, á sì là. Imí ọjọ́ tó ń yòrò nínú omi ni oògùn rẹ̀, gíráàmù 20 sí 30 nínú lítà 10, kó tó di agogo mẹ́jọ àárọ̀. Bí ooru bá ti kọjá 32°C, imí ọjọ́ á jó ewé. Àwọn àjàrà irú ti Amẹ́ríkà kan kì í fara da imí ọjọ́ rárá, nítorí náà ewé méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ṣe ojú kékeré dúdú lára ọ̀mùnú àti hóró, àárín rẹ̀ á di eérú bí ojú ẹyẹ. Ẹ gé ibi tó mú, ẹ sun ún. Kọ́pà ń dín in kù.

Ìbòmú, gíláàsì ojú, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi fín oògùn apakoríko fín àjàrà, bí ẹ tiẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Díẹ̀ tó kù nínú rọ́bà rẹ̀ tó láti ká ewé kò.

Ọ̀dọ́ Mọ́dákẹ́kẹ́
Ẹ bá wa dá sí ti gbígbìn náà. Ṣé kóró inú àjàrà tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì lè hù? Ẹlòmíì ń ta "àjàrà" inú nálọ́ọ̀nù, kò sì dá wa lójú.

Ìjẹ̀ṣà Ọlọ́gbà
Ọ̀pọ̀ nínú ti súpámákẹ́ẹ̀tì ni kò ní kóró. Èyí tó ní, ó gbọ́dọ̀ sùn nínú fíríìjì fún bí oṣù mẹ́ta kó tó hù, bó bá sì hù, kò ní jọ ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì. Ti inú nálọ́ọ̀nù, ẹ wò ó bí okùn tó fi ń di nǹkan mú bá ń yọ ní òdìkejì ewé gẹ́lẹ́, tí etí ewé bá rí bí eyín ayùn, tí igi rẹ̀ tó gbó bá ń bó ní fọ́nránfọ́nrán. Bí okùn bá yọ láti abẹ́ apá ewé, níbi tí ewé ti so mọ́ ọ̀pá, kì í ṣe àjàrà.

Ọ̀pá tí ẹ bá gé lóṣù Kẹwàá ni irúgbìn. Ẹ yan èyí tó nípọn bíi pẹ́ńsù, ínǹṣì 10 sí 12, ojú mẹ́rin. Ìsàlẹ̀, ẹ gé e gbọọrọ lábẹ́ ojú gan-an. Òkè, ẹ gé e dàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ ní ínǹṣì kan sókè ojú. Ìyàtọ̀ yìí ni ò ní jẹ́ kí ẹ gbìn ín lódìlódì, torí ẹni tó bá dorí ẹ̀ kodò, kò ní rí nǹkan kan. Yanrìn odò ìwọ̀n 2, ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n 1, nínú nálọ́ọ̀nù. Ojú méjì lábẹ́ ilẹ̀, méjì lókè, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Ewé á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ: oúnjẹ inú igi ló ń jẹ, kò tíì ní gbòǹgbò. Ẹni tó bá fà á wò ti bà á jẹ́. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni kí ẹ tó gbé e sí oòrùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ lóṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún ni kí ẹ gbìn ín sílẹ̀.

Ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú, 2 lóròó, 2 nísàlẹ̀. Kí ẹ tó dí i, ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí i lálẹ́. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ ò dáa fún àjàrà, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Bí ibòmíì ò bá sí, ẹ kọ ebè ńlá síbẹ̀ bíi ti iṣu, kó ga tó ẹsẹ̀ kan ààbọ̀, kí ẹ gbìn ín sí góńgó rẹ̀. Àkùrọ̀, ẹ má dán an wò. Ẹ po ilẹ̀ òkè pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ẹsẹ̀ 8 láàárín igi sí igi, ẹsẹ̀ 3 sí ògiri.

Àtíbàbà: páìpù irin ínǹṣì 2, kí ẹsẹ̀ 2 wọ inú kọnkéré, kí 7 wà lókè. Wáyà tí kì í dípẹtà, géèjì 12, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ síra wọn. Ọparun ò ní pé ọdún méjì, ikán á ti jẹ ẹ́ látinú. Ọdún tí igi bá kọ́kọ́ so dáadáa gan-an ni yóò sì wó.

Ìyá Ẹlẹ́dòdó
Ẹ fi ti àjílẹ̀ kún un. NPK 15-15-15, gíráàmù 100 fún igi tó ti dàgbà lẹ́yìn ìgé Oṣù Kẹrin, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ìdí igi yíká, kẹ́ ẹ fi ilẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn ìgé Oṣù Kẹwàá, ẹ dín in kù sí ìdajì. Náítírójìn tó bá pọ̀ jù, ewé ló ń bí, òdòdó á sì máa gbọ̀n. Nígbà tí hóró bá tó ẹ̀wà, pótáàṣì ló ń fẹ́. Eérú igi ife mẹ́rin nídìí á ràn án lọ́wọ́.

Omi: láti ìgbà tí òjò bá ti dá, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí koríko gbígbẹ sì bo ìdí rẹ̀. Ọyẹ́ ló ń bá òdòdó pàdé lóṣù Kejìlá, igi tí òùngbẹ ń gbẹ nígbà yẹn á gbọn òdòdó rẹ̀ dànù lóru kan. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ kórè, ẹ dín omi kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró pátápátá.

Ọmọ Lágere
Ó ti yé mi. Bó bá wá so, ṣé gbogbo ṣírí la máa fi sílẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́dòdó
Rárá o. Ṣírí kan lórí ọ̀mùnú kan. Ọdún àkọ́kọ́ tó máa so, 6 sí 8 tó. Igi tó ti gbó tó bo àtíbàbà, 20 sí 25. Nígbà tí hóró bá tó èso ata wẹ́wẹ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré yọ ìdá kan nínú mẹ́ta hóró inú ṣírí, pàápàá èyí tó wà láàárín. Ó dun ni, ṣùgbọ́n hóró tó bá fún ara wọn pa ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi àpò àwọ̀n ẹ̀fọn bo ṣírí kọ̀ọ̀kan kó tó pọ́n, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pa. Ẹyẹ nìkan kọ́: àdán ńlá inú ọgbà Yunifásítì OAU ò jìnnà sí Lágere. Kí àwọ̀n má fara kan hóró, kí wọ́n má baà jẹ ẹ́ láti ìta. Ẹ tẹ wáyà kékeré sí òrùka kẹ́ ẹ fi sínú àpò náà.

Pípọ́n rẹ̀: ẹ má wo àwọ̀ nìkan. Òru wa ò tutù tó, irú pupa lè ṣàì pọ́n dọ́gba kó sì ti dùn. Ẹ tọ́ hóró tó wà ní ìsàlẹ̀ ṣírí pátápátá wò, òun ló ń pọ́n kẹ́yìn. Bó bá dùn, tí kóró inú rẹ̀ ti di búráùn, tí igi ṣírí náà sì ti ń gbẹ, ó yá. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e láàárọ̀, ẹ má fà á. Kì í tún pọ́n sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tó kan lórí igi á kan nínú abọ́.

Ọ̀dọ́ Mọ́dákẹ́kẹ́
Ewé rẹpẹtẹ tí a máa já lọ́jọ́ ìgé ńkọ́? Ṣé a lè kó o fún ẹran?

Baba Kòkó
Bí ẹ ò bá fín kọ́pà rí, ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ti fín in lọ́dún náà, ẹ má fún wọn, pàápàá àgùntàn. Kọ́pà díẹ̀díẹ̀ ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àgùntàn, ọjọ́ tó bá sì kún ló ń ṣubú lójijì. Ẹ kó ewé náà jìnnà síbi tí wọ́n ń jẹ̀, ẹ sun ún.